Àpótí Ìbéèrè: Kí Ló Dé Tí Ẹnu Àwọn Alárìíwísí Kò Fi Kò Lórí Day Watch?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láìpẹ́ yìí ni mo wo Day Watch, fíìmù Rọ́ṣíà tí Timur Bekmambetov darí, èyí tí ó jẹ́ apá kejì Night Watch. Nígbà tí mo wò ó tán, mo ka ohun tí àwọn alárìíwísí kọ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì tojú sú mi. Àwọn kan ní àrà tí wọ́n fi àwòrán dá nínú rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́, àwọn mìíràn ní rúdurùdu lásán ni. Ṣé fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò? Àwọn wo ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé sí wa. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò, ohun kan náà ni wọ́n sì rí. Bí ẹ bá fara balẹ̀ tún àwọn àríwísí náà kà, ẹ ó rí i pé ìran tí ẹni tó yìn ín ń tọ́ka sí gan-an ni ẹni tó bù ú kù náà dì mú: Tamerlane, ajagunṣẹ́gun ilẹ̀ Éṣíà láyé àtijọ́, tí ó gun ẹṣin la ògiri kọjá níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí obìnrin kan ń wà lára ògiri òtẹ́ẹ̀lì Cosmos ní Mọ́sko bí ẹni pé títì ọlọ́dà ni, àti ọkùnrin tí wọ́n fi pamọ́ sínú ara obìnrin kí ọwọ́ àwọn tó ń lépa rẹ̀ má bàa tẹ̀ ẹ́. Ohun tó pín wọn níyà ni iṣẹ́ tí oníkálùkù gbà pé fíìmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tó gbà pé kí àwòrán ya òun lẹ́nu ni ó ṣáájú rí ohun tó fẹ́ gbà, ẹni tí ó sì ń wá ìtàn tó já geere kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí, nítorí inú ibẹ̀ ni ìdí ẹjọ́ wà. Nínú ayé fíìmù yìí, àwọn kan wà láàárín ènìyàn tí wọn kì í ṣe ènìyàn lásán: amùjẹ̀, àjẹ́, àti àwọn tó lè pa ara dà di ẹranko. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn tó wà níhà Ìmọ́lẹ̀ àti àwọn tó wà níhà Òkùnkùn ti bá ara wọn mulẹ̀ pé àwọn kò ní jagun mọ́, tí ìhà kọ̀ọ̀kan sì yan ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa ṣọ́ èkejì, ọ̀kan lóru, ọ̀kan lọ́sàn-án. Anton Gorodetsky, tí Konstantin Khabensky ṣe ipa rẹ̀, jẹ́ ẹ̀ṣọ́ fún ìhà Ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Yegor ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìhà Òkùnkùn. Anton ń pa ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn ọmọ náà rẹ́ níkọ̀kọ̀. Láìpẹ́, wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kàn án. Svetlana, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ tí ìfẹ́ ti wọ àárín wọn, ní agbára tó tó ti Yegor, bí àwọn méjèèjì bá sì kọlu ara wọn, ìmùlẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Lórí gbogbo èyí ni wọ́n tún wá gbé Ṣọ́ọ̀kì Àyànmọ́ lé, èyí tí ẹni tó bá fi kọ nǹkan lè fi tún àṣìṣe ayé rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ alárìíwísí fi kan fíìmù yìí nìyẹn, mo sì gbà pé wọ́n jàre, pàápàá lórí apá àkọ́kọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ènìyàn pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó burú. Ohun tó burú ni pé òfin ayé inú fíìmù náà kò dúró lójú kan: agbára kan yóò ṣàdédé yọ nígbà tí olùdarí bá nílò rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ nígbà tí ìran náà bá kọjá. Òǹwòran tí kò mọ ohun tó lè pa Anton àti ohun tí kò lè pa á kò ní lè bẹ̀rù fún un, bó ti wù kí iná àti ariwo pọ̀ tó.

Ibi tí n kò ti fara mọ́ wọn ni ibi tí àwọn kan ti sọ pé àfarawé àwọn fíìmù Amẹ́ríkà lásán ni. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ara Anton àti ti Olga, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níhà Ìmọ́lẹ̀. Galina Tyunina, òṣèré orí ìtàgé tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní ilé ìṣeré Pyotr Fomenko ní Mọ́sko, ni ó ń ṣe ipa Olga, òun náà ni ó sì wá di ọkùnrin tí ó há sínú ara obìnrin. Bí ó ṣe ń jókòó, bí ó ṣe ń rìn, bí ojú ṣe ń tì í níwájú Svetlana tí ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún un láìmọ̀ pé Anton gan-an ni òun ń bá sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ pani lẹ́rìn-ín, ó sì káni lára lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kankan nínú ìyẹn. Àwọn alárìíwísí tó yin fíìmù náà fún ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ rí ohun tí àwọn tó ń ka iye ọkọ̀ tó bàjẹ́ kò rí. Bákan náà ni àwọn ilé tí òkùnkùn bo àtẹ̀gùn wọn, àwọn ọ́fíìsì àtijọ́ àti ọtí fódíkà tí kì í wọ́n níbi àpèjẹ ṣe jẹ́ ti Mọ́sko pátápátá.

Bí ẹ bá fẹ́ iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ìkànnì Rotten Tomatoes tó ń kó èrò àwọn alárìíwísí jọ fi hàn pé nǹkan bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá wọn ló gba fíìmù náà wọlé. Ẹ má ṣe ka ìyẹn sí máàkì ìdánwò o. Iye àwọn tó sọ pé ó dára díẹ̀, ó kéré tán, ni, kì í ṣe bí ó ṣe dára tó.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ka ìwé Sergei Lukyanenko tó ń jẹ́ Day Watch kí n tó wo fíìmù náà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan nínú ìwé náà lójú fíìmù. Ṣé àwọn alárìíwísí kíyè sí èyí?

ÌDÁHÙN: Wọ́n kíyè sí i, ó sì bí àwọn olólùfẹ́ ìwé náà nínú. Orúkọ ni fíìmù náà yá lára ìwé kejì, èyí tí Lukyanenko bá Vladimir Vasilyev kọ pọ̀. Àwọn apá tó kẹ́yìn nínú ìwé àkọ́kọ́, Night Watch ti ọdún 1998, ni ó ti mú ìtàn rẹ̀, ìyẹn náà sì ti yí padà gan-an. Ẹ má dá olùdarí nìkan lẹ́bi ṣá, nítorí Lukyanenko fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ eré náà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, bí àwọn alárìíwísí bá rí àbùkù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, báwo ni fíìmù náà ṣe pa owó rẹpẹtẹ ní Rọ́ṣíà?

ÌDÁHÙN: Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí ìsinmi ọdún tuntun, tí ó gùn dáadáa ní Rọ́ṣíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channel One, tí gbogbo ilé ń wò ní orílẹ̀-èdè náà, wà lára àwọn tó ṣe é, wọ́n sì polówó rẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4 dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ná lé e lórí, owó tí ó sì wọlé lórí rẹ̀ ju mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí apá kìn-ín-ní pa nílé ní ọdún 2004. Ìpolówó yìí gan-an wà lára ohun tí àwọn alárìíwísí Rọ́ṣíà bínú sí. Wọ́n ní ọjà títà ti wọ inú fíìmù náà fúnra rẹ̀, tí kámẹ́rà fi ń dúró sórí orúkọ ilé iṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ni Bekmambetov ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀, ó sì hàn nínú bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe ń wá gbogbo ọ̀nà láti gba àfiyèsí láàárín ìṣẹ́jú kan péré.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ fíìmù Fox Searchlight gbé e dé ibẹ̀, lásìkò tí àwọn fíìmù apá kẹta ńláńlá ti Hollywood gba gbogbo ilé sinimá, owó tó sì pa níbẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 1 dọ́là. Àwọn alárìíwísí ibẹ̀ kò ní ìdí kankan láti bínú sí Channel One. Bí Fox Searchlight ṣe sọ ìtumọ̀ èdè tí wọ́n kọ sórí àwòrán di ohun tí ń mì, tí ń tú ká bí ẹ̀jẹ̀ nínú omi, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ́ràn láti ìgbà apá kìn-ín-ní. Lójú tèmi, ìyẹn ni ó mú kí ọ̀rọ̀ wọn tutù ju ti àwọn ará ilé lọ: àlejò ń wo ẹwà, onílé ń wo ẹni tó ná owó àti ohun tí ó fẹ́ fi gbà padà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé apá kẹta wà? Ṣé ó sì pọn dandan kí n wo apá kìn-ín-ní kí n tó wo èyí?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo apá kìn-ín-ní o. Lára àwọn tó ní kò yé àwọn, mo fura pé àwọn kan wà tí wọn kò rántí bí apá kìn-ín-ní ṣe bẹ̀rẹ̀, láìmọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni apá kejì padà sí.

Apá kẹta kò sí. Bekmambetov lọ sí Hollywood, ó darí Wanted ní ọdún 2008, Khabensky pẹ̀lú sì ṣe ipa kékeré nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Day Watch ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. (Kí ẹni tí kò tíì wò ó fo ohun tó kù nínú ìdáhùn yìí.) Lẹ́yìn tí Yegor ti sọ Mọ́sko di àlàpà, tí ilé gogoro tẹlifíṣọ̀n Ostankino pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀, Anton mú ṣọ́ọ̀kì náà lọ sí ilé àjẹ́ tí ó bẹ̀ lọ́wẹ̀ ní ọdún 1992 pé kí ó bá òun dá ìyàwó òun padà, ó kọ “Rárá” sára ògiri, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù méjèèjì sì di ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn tó bínú sí ìparí yìí kà á sí ẹ̀tàn. Èmi kà á sí ìpinnu kan ṣoṣo tí Anton dá ṣe láìsí pé ọ̀gá kan rán an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣẹ́ ìtàn kankan kù sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe apá kẹta.