Ṣé òfin àti owó orí lórí mọ́tò dísù ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìlú mọ́ lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Èéfín dísù ló ń tú gáàsì olóró tó ń jẹ́ nitrogen dioxide jáde ju ti bẹntiróòlù lọ, ìyẹn ló máa ń ta èèyàn lọ́fun tó tún ń jẹ́ kí ásímà le sí i, ká má tíì sọ ti èédú kíkúnná inú ẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun nu ẹnu sàlẹ́ńsà mọ́tò dísù àtijọ́ kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa dúdú, ohun tọ́mọ kékeré tí wọ́n ń tì nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń fà símú nìyẹn o, torí imú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju sàlẹ́ńsà yẹn lọ.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, àtọdún 2019 ni mọ́tò dísù tí ò bá dé ìwọ̀n Euro 6 (òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí bí èéfín mọ́tò ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó) ti ń san £12.50 lójúmọ́ tó bá wọ àárín ìlú, nígbà tó di 2023 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo ìlú. Hamburg ní Jámánì ní tiẹ̀ kàn ti apá kan títì méjì mọ́ àwọn tó ti gbó ni lọ́dún 2018, èmi ò fara mọ́ irú ẹ̀ yẹn, torí àdúgbò kejì náà ni wọ́n máa gbà. Àmọ́ kí wọ́n ran àwọn tí ò lówó lọ́wọ́ láti pààrọ̀ mọ́tò wọn o, Lọ́ńdọ̀nù náà ṣe bẹ́ẹ̀.