Èsì: Ṣé kí n má tíì fún ọmọ mi ní ẹ̀pà?

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ìyá wa. Ọmọ oṣù mẹ́fà tí awọ ara ń yún, ẹ ní ṣé kí ẹ̀pà dúró títí yóò fi dàgbà. Ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà Gideon Lack àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọ 640 dán an wò, wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀pà, wọn kò fún àwọn yòókù, ọmọ oṣù 4 sí 11, tí ara ń yún gan-an tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 5, ara bíi 17 nínú 100 àwọn tí kò jẹ ẹ̀pà ló kọ̀ ọ́. Nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́, bíi 3 péré! Ẹ má fún un ní hóró o, ó lè há a lọ́fun. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná sínú ògì. Ṣùgbọ́n nítorí ara tó ń yún yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.