Wọ́n fẹ́ kọ́ rìfáínárì sí abúlé wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abúlé wa wà lábẹ́ Akínyẹlé n'Ìbàdàn níbí. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wá kọ́ rìfáínárì síbẹ̀, wọ́n ṣe mítìn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pín búrẹ́dì àti míníràsì, wọ́n ní ká sáìn ìwé, ó tán nìyẹn. Ṣé a ṣì lẹ́nu ọ̀rọ̀?
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Ìdáhùn: Ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀ dáadáa, Màmá. Òfin EIA ọdún 1992, ìyẹn òfin àyẹ̀wò àyíká, ti ka rìfáínárì mọ́ iṣẹ́ tí wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò, òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ará ìlú kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Wọ́n máa ń gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráyé lè kà á, ẹ rán ọmọ tó mọ̀wé lọ sí sẹkitéríàtì kánsù ní Mọ́níyà kó lọ bèèrè, kó wò ó bóyá wọ́n tiẹ̀ dárúkọ kànga yín níbẹ̀.

Ìwé tẹ́ ẹ sáìn yẹn ló ń kọ mí lóminú o, torí wọ́n lè so ó mọ́ ìwé àyẹ̀wò tiwọn pé ẹ ti gbà. Ẹ tètè kọ̀wé sí mínísírì tó ń rí sí àyíká, ẹ ní mítìn lẹ wá, ẹ ò tíì gba nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì tọ́jú kọ́pì tí wọ́n lu sítáǹpù. Omi kànga ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù nísinsìnyí tó ṣì mọ́ lóló, torí tó bá ń rùn bíi kẹrosíìnì lọ́la, wọ́n á ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn.