Èsì: Mímú màmá lọ sí Málítà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ mú màmá lọ sí Málítà, orílẹ̀-èdè erékùṣù ní Yúróòpù, lóṣù kẹjọ, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un sí oṣù kẹwàá. Oòrùn oṣù kẹjọ níbẹ̀ kì í ṣeré rárá.

Ẹ tètè gba àyè ní Ħal Saflieni, ibojì abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún sẹ́yìn. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lójúmọ́. Àmọ́ àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ o, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ wọlé.

Òkè àti ìsàlẹ̀ ni Valletta, ìlú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1566. Ẹ rọra rìn, kẹ́ ẹ sì pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì St John. Ibẹ̀ ni àwòrán tí Caravaggio yà ní 1608 wà, bí wọ́n ṣe bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa: inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn yẹn ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Bàtà gogoro onígìgísẹ̀ ṣóńṣó kò gbọdọ̀ wọbẹ̀, torí òkúta ibojì ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ sọ fún màmá pé Málítà yìí ni Mélítà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28, níbi tí ejò ti so mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ẹ ó rí i, àwọn gan-an ló máa ṣáájú yín.