Kátálíìsì rẹ tí ó ń di àwọ̀ ewé: omi ni kí o wá

Àbúrò mi, o béèrè bóyá kí o fi kún krómíọ̀mù, irin tí o ń pò mọ́ sílíkà, lẹ́búlẹ́bú tí ó jọ iyanrìn, nítorí pé kátálíìsì rẹ, èyí tí ó yẹ kó mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá, jáde ní àwọ̀ ewé, kò sì sọ gáàsì ethylene di ike. Má ṣe fi kún un. Ìdá 1 nínú 100 ti tó; tu iyọ̀ krómíọ̀mù sínú omi, fi rin sílíkà, mú un gbẹ, ìyẹn ti parí.

Inú ìléru ni wàhálà wà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó gbọ́dọ̀ máa gba àárín lẹ́búlẹ́bú náà kọjá bí o ti ń sun ún ní ìwọ̀n ooru 600 sí 800 Celsius, kí krómíọ̀mù lè dì mọ́ ara sílíkà, kí ó sì pọ́n bí ọsàn. Bí oru omi bá bá afẹ́fẹ́ náà wọlé, yóò já ìdè yẹn, krómíọ̀mù yóò sì kó jọ di ègé kéékèèké aláwọ̀ ewé tí kò wúlò fún ethylene mọ́. Ní ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, nínú oṣù Keje tí òjò Akúrẹ́ kì í fẹ́ dá, mo dúró ti túùbù náà, mo sì ń wò ó bí àwọ̀ ewé ti yọ ní ìsàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bo gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn hóró tí ó yẹ kí wọ́n fa omi inú afẹ́fẹ́ ti kúrò ní búlúù, wọ́n ti di píǹkì, èyí tí ó fi hàn pé omi ti kún inú wọn; síbẹ̀ òṣìṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kò tíì tó àkókò láti pààrọ̀ wọn. Inú ṣì ń bí mi, nítorí pé àwọ̀ píǹkì náà wà níwájú rẹ̀. Yan tìrẹ nínú ààrò ní ìwọ̀n ooru 120 títí wọn yóò fi padà di búlúù.

Bí iná bá tún lọ, tí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ dúró nígbà tí ìléru ṣì gbóná, omi tí sílíkà fúnra rẹ̀ ń tú sílẹ̀ yóò há sínú túùbù. Sílíńdà afẹ́fẹ́ gbígbẹ kò nílò iná. Gbé e kalẹ̀ kí o tó tan ìléru. Inú afẹ́fẹ́ kan náà ni kí kátálíìsì ti tutù, lẹ́yìn náà ni kí o fi náítírójìn gbígbẹ lé ọ́síjìn jáde.

Má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń pe ọ̀nà yìí ní ti àtijọ́, nítorí pé 1951 ni Hogan àti Banks, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, ti ṣàwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, dà ọ́ lọ́kàn rú: òun ni wọ́n ṣì fi ń ṣe púpọ̀ nínú ike polyethylene líle tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì.

Krómíọ̀mù tí ó pọ́n yẹn lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, má sì ṣe da omi tí o fi fọ túùbù sí gọ́tà, nítorí odò Àlà ni ọ̀pọ̀ gọ́tà Akúrẹ́ ń ṣàn lọ. Rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí o kọ orúkọ rẹ̀ sí lára, kí o sì dé e pa.