Tíṣà ní ọmọ mi ní ADHD, ṣé kí n ra oògùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Sábó, n'Ìkòròdú níbí. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún àtààbọ̀, Prámárì Wàn ló wà, òun ló kéré jù níbẹ̀. Tíṣà ẹ̀ ní kì í jókòó jẹ́ẹ́, pé ADHD ló ní, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí jókòó jẹ́ẹ́, pé òun ti fi fóònù ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Ní báyìí gbogbo kíláàsì ló ń pè é ní ADHD, àbúrò ẹ̀ náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé. Tó bá sì wà lọ́dọ̀ mi ní ìsọ̀, á máa to ẹja sórí àtẹ, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, títí ilẹ̀ á fi ṣú. – Ìyá Ẹlẹ́ja

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ẹlẹ́ja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra oògùn kankan. Àìsàn yìí wà lóòótọ́ o, ọmọ tó bá sì ní in nílò ìrànlọ́wọ́, àmọ́ kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè yẹ̀ wò kó sọ pé òun rèé, fóònù ò sì lè sọ ọ́. Ìwé táwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá irú àìsàn yìí mọ̀, tí wọ́n tún ṣe ní 2013, ní ìwà náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó sì hàn níbi tó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ilé ìwé. Bó ṣe ń fara balẹ̀ to ẹja yẹn nìkan ò fi hàn pé kò ní in, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Ọjọ́ orí ẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ní British Columbia ní Kánádà, wọ́n wo àkọsílẹ̀ ọmọ tó lé ní 900,000, èsì ẹ̀ jáde ní 2012: tí wọ́n bá rí 100 ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní Jánúárì tí wọ́n ní ó ní ADHD, bíi 130 ni tàwọn tí wọ́n bí ní Dìsẹ́ńbà, bẹ́ẹ̀ àwọn Dìsẹ́ńbà yìí ló kéré jù ní kíláàsì. Ìṣe ọmọdé ni wọ́n ń pè láìsàn fáwọn kan nínú wọn!

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú ẹ̀ wò ní jẹ́nẹ́rà, kí wọ́n bèèrè bó ṣe ń sùn, torí ọmọ tí ò gbọ́ tíṣà dáadáa á kàn máa yí kiri ni. Tó bá yẹ, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ní l'Óṣòdì.

Ẹ bá mi bẹ tíṣà, kó kọ ohun tó ń rí sílẹ̀: ìgbà wo ló ń dìde, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ta ló jókòó tì í. Dókítà máa béèrè. Orúkọ yẹn ló dùn mí jù, ẹ̀yin náà mọ̀ pé orúkọ ń ro ọmọ. Lálẹ́ òní, ẹ pe àbúrò ẹ̀, kó máa fi orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀.