Láti Ítálì, Jámánì àbí Ireland?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní páálí Ítálì, ìyẹn ìwé ọmọ onílùú, ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wá ń bèèrè bóyá Jámánì lẹ máa kó ìyàwó àtọmọ lọ ni àbí Ireland. Ẹ yọ London kúrò o, láti 2021 páálí yẹn ò ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́, físà lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó lè gbé ibẹ̀. Jámánì níbí, iṣẹ́ wà, ìjọba san €255 lóṣù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 2025, àmọ́ èdè wọn yìí ṣá! Ọdún kejì mi rè é, tí lẹ́tà bá wọlé àyà mi ṣì ń já. Ti Ireland, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, owó ilé Dublin ló máa pa yín. Tó bá jẹ́ èmi, màá kọ́kọ́ dá lọ wáṣẹ́ ná, káwọn ọmọ ṣì wà ní skúùlù wọn.